Kí Ọ̀bẹ Tó Kan Okùn

Okùn kì í sábà bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láti àárín. Orí rẹ̀ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti gé e tí ẹnikẹ́ni kò sì dí i. Kò ní pẹ́ tí okùn tí a fi owó gidi rà yóò fi tú wọlé tó gígùn apá ènìyàn, tí orí rẹ̀ yóò rí wúruwùru, tí kò ní ṣeé kì bọ inú òrùka mọ́, tí kò sì ní ṣeé so kí ó dúró. Kánópì àti àga ni mo ń yá àwọn ènìyàn ní Ìbàdàn, fún ìgbéyàwó, ìkómọjáde àti ìsìnkú, okùn sì ni a gbára lé jù nínú iṣẹ́ náà, nítorí òun ni ó so kánópì mọ́ èèkàn nígbà tí ìjì bá ṣíwájú òjò dé. Bí orí okùn bá tú, a óò gé ibi tó tú dànù. Bí a kò bá dí ibi tí a gé, yóò tún tú, a óò sì tún gé e. Báyìí ni okùn tó gùn tó mítà 10 ṣe ń di mítà 8, tí kò ní kan èèkàn mọ́, tí a óò sì tún gba ọjà lọ. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń gé okùn kí ó gún régé, àti bí a ṣe ń dí orí rẹ̀ kí ó má tú, nítorí pé ó dùn mí láti máa rí okùn tó dára tí ó ń ṣòfò lọ́wọ́ àwọn tí iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ìbá gbà lọ́wọ́ ìnáwó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé wọn yóò ta kókó sí orí okùn. Kókó ń dá títú náà dúró lóòótọ́, n kò sì ní bá ẹni tí kò ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́ wí. Ṣùgbọ́n kókó a máa tóbi ju okùn fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í jẹ́ kí okùn gba inú òrùka irin etí tapólì kọjá, ó sì máa ń há sí ibi tí a kò fẹ́ kí ó há sí nígbà tí a bá ń yára tú kánópì palẹ̀ ní òru. Yàtọ̀ sí èyí, ìwọ̀nba tó yọ síta níwájú kókó náà yóò ṣì máa tú lọ, títí yóò fi tú dé ìdí kókó, kókó náà yóò sì dẹ̀. Àwọn mìíràn kàn máa ń ki orí okùn bọ iná, irú okùn yòówù kí ó jẹ́. Fún àwọn okùn kan, ohun tó tọ́ gan-an nìyẹn. Fún àwọn mìíràn, ṣe ni wọ́n ń sun okùn wọn jóná.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí okùn fi ń tú. Ẹ mú okùn tí a fi ẹ̀ka mẹ́ta lọ́, kí ẹ fara balẹ̀ wo orí rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí ẹ bá ya ẹ̀ka kan sọ́tọ̀, ẹ óò rí i pé òun náà jẹ́ àkójọ òwú púpọ̀ tí a lọ́ pọ̀, bí ẹ bá sì tún òwú kan wò, fọ́nrán tín-ín-rín ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe okùn a máa lọ́ fọ́nrán sí ọ̀nà kan kí ó di òwú, wọn a lọ́ òwú sí òdì kejì kí ó di ẹ̀ka, wọn a sì tún yí padà, wọn a lọ́ ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí òdì ti ìṣáájú kí ó di okùn. Òdì yìí ni ó mú kí okùn dúró: nígbà tí ẹ̀ka bá ń gbìyànjú láti tú sí ọ̀tún, okùn lápapọ̀ ń gbìyànjú láti tú sí òsì, èyí sì ń di ìyẹn mú. Ní gbogbo gígùn okùn, àjọdìmú yìí kò yẹ̀. Ní orí rẹ̀ nìkan ni kò ti sí ohun tó di ẹ̀ka mú, nítorí náà ibẹ̀ ni ẹ̀ka ti máa ń ya kúrò lára ara wọn, bí wọ́n bá sì ti yà, òwú inú wọn pẹ̀lú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Okùn tí fọ́nrán rẹ̀ le tó sì ń yọ̀ ni ó máa ń yára tú jù lọ. Ìdí nìyí tí okùn aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ búlúù tí a ń rà ní ìró-ìró lọ́jà fi máa ń ṣí yẹ̀rẹ̀ bí ọ̀bẹ bá ti kan án, nígbà tí okùn òwú tó rọ̀ máa ń dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó tú.

Ẹni tó ń ta okùn kì í sábà sọ ohun tí wọ́n fi ṣe é fún wa, ọ̀rá ni a sì ń pe gbogbo èyí tó bá ń dán. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ṣe okùn ni yóò sọ bí a ó ṣe dí i. Èyí tó pọ̀ jù nínú okùn olówó pọ́ọ́kú ni polypropylene, tó máa ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 160 sí 165 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Polyethylene, tí àwọn apẹja ń lò fún àwọ̀n àti okùn àwọ̀n, máa ń yọ́ kí ooru tó tó bẹ́ẹ̀, ní nǹkan bí 130. Náílọ́ọ̀nù gidi nílò ooru tó ju ìyẹn lọ dáadáa: irú kan ń yọ́ ní nǹkan bí 220, èkejì ní nǹkan bí 260, polyester náà sì wà ní àyíká 260 yìí. Gbogbo ìwọ̀nyí ni iná lè bá wa dí. Okùn tí wọ́n fi ohun ọ̀gbìn ṣe ni ẹgbẹ́ kejì: sisal, òwú, ìko, àti okùn èèpo igi tí àwọn àgbẹ̀ ń lò. Ìwọ̀nyí kì í yọ́ rárá. Bí iná bá kàn wọ́n, eérú ni wọ́n ń dà.

Ọ̀nà tí a fi lè mọ èyí tó wà lọ́wọ́ wa kò le. Ẹ fa òwú kan tó gùn tó ìka yọ lára okùn náà, ẹ fi píláyà dì í mú, kí ẹ sì mú un súnmọ́ ẹ̀gbẹ́ iná àbẹ́là díẹ̀díẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe yóò sá sẹ́yìn kúrò níwájú iná kí iná tó kàn án, yóò ká wọra, yóò sì di ẹ̀kán kékeré tó ń dán tó máa ń le bí ìlẹ̀kẹ̀ nígbà tó bá tutù. Èyí tí wọ́n fi ohun ọ̀gbìn ṣe kò ní sá. Yóò gba iná, yóò máa pọ́n wẹ́wẹ́ lẹ́yìn tí iná bá kú, yóò sì rùn bí ewé gbígbẹ tàbí bébà tó ń jó. Láti mọ irú ọ̀rá tó jẹ́, ẹ gé díẹ̀ sínú abọ́ omi, kí ẹ sì fi ọwọ́ fún un nínú omi kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Polypropylene àti polyethylene yóò léfòó. Náílọ́ọ̀nù àti polyester yóò rì. Ẹni tó bá ṣe ìdánwò méjèèjì yìí ti mọ ohun tó yẹ kí ó mọ̀, kò sì ná an ju ìṣáná kan lọ. Ẹ kíyè sí i pé àwọn okùn kan wà tí wọ́n fi méjèèjì pò, tí ara wọn yóò yọ́ tí apá kan yóò sì di eérú. Irú wọn ni mo kà mọ́ ẹgbẹ́ ohun ọ̀gbìn, n kì í fi iná dí wọn.

Èyí ló mú wa dé ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù lọ: orí okùn ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dì, kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ẹni tó bá gé e tán kí ó tó máa wá òwú kiri ti pẹ́ jù, nítorí pé ní ìṣẹ́jú àáyá tí okùn já ni ẹ̀ka ti yà, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ fi ọwọ́ lọ́ ọ padà tí yóò rí bí ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ wọn gígùn tí ẹ fẹ́, ẹ mú téèpù àwọn oníná, kí ẹ fi wé ibi tí ẹ fẹ́ gé ní ìyí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ máa fà á le bí ẹ ṣe ń wé e, kí téèpù náà sì fẹ̀ tó ìka méjì lára okùn. Àárín téèpù gan-an ni ẹ óò gé. Nípa bẹ́ẹ̀, orí méjèèjì tó bá jáde ni a ti dì, èyí tí ẹ fẹ́ lò àti èyí tó kù lára ìró okùn, nítorí ìró okùn tó kù yẹn pẹ̀lú owó ni. Bí kò bá sí téèpù, ẹ fi òwú so okùn pinpin ní ibi méjì tí ìka kan wà láàárín wọn, kí ẹ gé àárín. Téèpù kì í ṣe dídí tí yóò pẹ́ o. Oòrùn máa ń mú kí lẹ́ẹ̀lẹ́ẹ̀ rẹ̀ yọ́, ìyẹ̀pẹ̀ a sì lẹ̀ mọ́ ọn, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi bọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di okùn mú títí a ó fi ṣe èyí tó dára ju ìyẹn lọ.

Ní ti gígé, ọ̀bẹ tó mú ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀bẹ tó kú máa ń fa fọ́nrán kí ó tó gé e, àwọn kan yóò gùn, àwọn kan yóò kúrú, orí okùn yóò sì rí bí ìgbálẹ̀ tó ti gbó. Àlùmọ́gàjí máa ń tẹ okùn pẹlẹbẹ kí ó tó já a, nítorí náà n kì í lò ó fún okùn tó bá nípọn ju ìka kékeré lọ. Ẹ fi okùn lé orí pákó, ẹ má fi lé orí ilẹ̀, nítorí pé yanrìn yóò wọ inú fọ́nrán, ẹnu ọ̀bẹ yóò sì kú. Ẹ tẹ ọ̀bẹ náà mọ́lẹ̀ ní ìdúró gbọn-in, kí ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì pẹ̀lú agbára, dípò kí ẹ máa fi rẹ́ ẹ bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi. Fún okùn ńlá, ẹ gbé ẹnu ọ̀bẹ lé e kí ó dúró ṣánṣán, kí ẹ sì fi òòlù lu ẹ̀yìn rẹ̀. Yóò já lẹ́ẹ̀kan náà, orí rẹ̀ yóò sì gún. Kí ọwọ́ tí ẹ fi di okùn mú má ṣe wà níwájú ọ̀bẹ.

Bí okùn bá jẹ́ ọ̀rá, iná kàn. Ìta ni a ti ń ṣe é, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ díẹ̀ tí yóò gbé èéfín lọ, kí ó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù. Láítà, àbẹ́là tàbí iná gáàsì, gbogbo wọn ló dára, àyàfi pé àbẹ́là máa ń kun okùn dúdú. Ẹ má ki orí okùn bọ àárín iná. Ẹ̀gbẹ́ iná ni kí ẹ mú un súnmọ́, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa wò ó. Àwọn fọ́nrán tó yọ jùlọ ni yóò kọ́kọ́ ká wọlé. Lẹ́yìn náà ni ojú okùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dán bí ẹni pé omi wà lára rẹ̀, ààlà tó wà láàárín ẹ̀ka mẹ́ta yóò sì máa parẹ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti mú un kúrò. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín dúdú tàbí tí iná ti gba ara rẹ̀, ó ti kọjá ìwọ̀n, ohun tó kù níbẹ̀ yóò dúdú, yóò sì máa fọ́ wẹ́wẹ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́. Polypropylene àti polyethylene ni ó máa ń yára kọjá ìwọ̀n jù, nítorí ooru tí wọ́n fi ń yọ́ kò pọ̀. Náílọ́ọ̀nù a máa fún ènìyàn láyè díẹ̀ sí i.

Bí ó bá ti yọ́ tó, ẹ yí orí rẹ̀ lórí irin tó tutù tàbí lórí pákó tí a fi omi rin, kí ó lè rí roboto kí ó má sì sanra ju okùn lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ìka tẹ̀ ẹ́, mo sì ń bẹ yín pé kí ẹ má ṣe é. Ọ̀rá tó yọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ awọ ara, kò ṣeé gbọ̀n nù bí omi gbígbóná, yóò sì máa jó ẹran ara lọ bí ó ṣe wà níbẹ̀. Bí ó bá kán sí ẹnikẹ́ni lára, omi tútù tó ń ṣàn ni kí a fi sí i fún ìṣẹ́jú 20, kí a má ṣe fi ipá ṣí ọ̀rá náà kúrò, kí a má sì fi epo tàbí ọṣẹ pa á. Bí ó bá fẹ̀, kí a gba ilé ìwòsàn lọ. Ohun mìíràn tí mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ni orí okùn tó yọ́ jù, tí ó ṣù bí olú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń mú bí àfọ́kù ìgò, bí okùn bá sì yọ̀ gba inú ọwọ́ kọjá pẹ̀lú ipá, yóò la àtẹ́lẹwọ́. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ gé e, ẹ tún un ṣe.

Ọ̀nà kan wà tó ń gé tó sì ń dí lẹ́ẹ̀kan náà: kí a yan ọ̀bẹ àtijọ́ lórí iná gáàsì títí yóò fi gbóná gan-an, kí a sì fi í la okùn kọjá láìkánjú. Ó dára fún ẹni tó ní okùn púpọ̀ láti gé. Àwọn aránṣọ mọ ìdí rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ni ó ń fi iná ìṣáná tàbí láítà ra etí ríbọ́ọ̀nù polyester kí ó má baà máa tú.

Síbẹ̀, iná nìkan kò tó fún okùn tó ń ṣiṣẹ́. Ibi tó yọ́ yẹn le, okùn tó kù sì rọ̀. Bí a ti ń so ó tí a ń tú u, tí a ń fà á lórí kọnkéré, àárín le àti rírọ̀ yẹn ni yóò ti sán, odindi orí yóò sì bọ́ sílẹ̀. Fún ìdí èyí, mo máa ń fi òwú wé gbogbo okùn kánópì mi lẹ́yìn tí mo bá ti fi iná dí wọn. Ní ti okùn sisal àti okùn òwú, wíwé yìí ni ọ̀nà tó dájú. Ọgbọ́n àwọn atukọ̀ ojú omi ni, láti ayé ìgbà tí ohun ọ̀gbìn nìkan ni a fi ń ṣe okùn ọkọ̀, ṣáájú kí Wallace Carothers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà tó ṣe náílọ́ọ̀nù ní ọdún 1935. Kò sí ohun tí iná lè ṣe fún okùn ọjọ́ wọ̀nyẹn, wọ́n sì wá ọ̀nà tó gbẹ́kẹ̀ lé òwú nìkan. Ọ̀nà náà kò tíì di ti àtijọ́ lójú mi.

Òwú tí àwọn tó ń rán bàtà ń lò ni ó dára jù, nítorí pé ó le, kì í sì í tètè já. Ẹ fi ìda oyin ra á síwá sẹ́yìn, ìda náà yóò mú kí ìyí kan di èkejì mú, kò sì ní jẹ́ kí omi tètè wọ inú rẹ̀; bí kò bá sí ìda oyin, ìda àbẹ́là lásán yóò ṣe é dé ìwọ̀n kan. Ẹ ṣẹ́ orí òwú po kí ó di ojóbó gígùn, ẹ tẹ́ ẹ lé ara okùn kí ibi tó ṣẹ́ po kọjú sí orí okùn, kí ẹnu òwú kúkúrú sì yọ sí ẹ̀yìn. Ẹ wá mú òwú gígùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí ẹ máa wé e lọ sí ìhà orí, lórí okùn àti ojóbó pọ̀, ìyí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì láìsí àlàfo, láìsí pé ọ̀kan gun orí èkejì, kí ẹ sì máa fà á le. Ọ̀nà òdì sí bí wọ́n ṣe lọ́ okùn ni kí ẹ gbà wé e. Nígbà tí okùn bá fẹ́ tú, ṣe ni yóò máa fún òwú náà le sí i. Gígùn wíwé náà kò gbọdọ̀ kéré ju bí okùn ṣe nípọn lọ, èmi a sì máa ṣe é ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀: bí okùn bá jẹ́ mìlímítà 12, wíwé mi yóò tó mìlímítà 18. Kí ẹ tó bo ojóbó tán, ẹ ki ẹnu òwú tí ẹ fi ń wé bọ inú rẹ̀, kí ẹ padà sí ẹ̀yìn, kí ẹ di ẹnu kúkúrú mú, kí ẹ sì fà á. Ẹ óò rí i tí ojóbó ń wọ́ lọ sábẹ́ ìyí òwú, tí ó sì ń fa ẹnu kejì tẹ̀lé ara rẹ̀. Ẹ dúró nígbà tó bá dé àárín; bí ẹ bá fà á jù, yóò yọ síta, gbogbo iṣẹ́ náà yóò sì tú. Ẹ gé ẹnu méjèèjì tó kù kí ó bá ara okùn dọ́gba.

Wíwé yìí rẹwà, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan: bí ìyí kan bá já, gbogbo rẹ̀ yóò tú. Nítorí náà, ọ̀nà mìíràn ni mo kọ́ àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́, èyí tí kò rẹwà tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń farada ìlòkulò. Ẹ fi àárín òwú sí ẹ̀yìn okùn, ẹ mú ẹnu méjèèjì wá síwájú, kí ẹ so ó ní ìsopọ̀ kan bí ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í so okùn bàtà. Ẹ gbé ẹnu méjèèjì lọ sí ẹ̀yìn, ẹ tún so ó. Ẹ padà wá síwájú, ẹ tún so ó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ óò máa ṣe é títí yóò fi gùn tó, ẹ óò sì wá fi kókó gidi parí rẹ̀. Gbogbo ìsopọ̀ ni ó dá dúró fúnra rẹ̀, bí ọ̀kan bá sì já, àwọn yòókù kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó bá kọ́ ọ lówùúrọ̀ lè ṣe é dáadáa kí oòrùn tó wọ̀.

Èyí tó lágbára jù lọ nínú wíwé ni ti abẹ́rẹ́. A óò fi abẹ́rẹ́ ńlá gún abẹ́ ẹ̀ka kan kọjá kí òwú lè ní ìdí, a óò wé òwú bí ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà a óò mú òwú tẹ̀lé kòtò tó wà láàárín ẹ̀ka méjì láti ìsàlẹ̀ wíwé dé òkè, a óò gún un kọjá, a óò tẹ̀lé kòtò kejì padà sí ìsàlẹ̀, a óò sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní kòtò kẹta. Òwú mẹ́ta tó dábùú yìí ni kì í jẹ́ kí wíwé yọ̀ bọ́ kúrò lórí okùn. Ó ń gba àkókò, n kì í sì í ṣe é fún okùn tí n kò ní lò pẹ́, ṣùgbọ́n okùn ọkọ̀ ojú omi tàbí okùn tí a fi ń gbé ẹrù lọ sókè yẹ fún un.

Ní ti okùn kànga, ó wù mí kí a má tilẹ̀ lo òwú. Níwọ̀n ìgbà tí a kò ti ní kì orí rẹ̀ bọ ihò kékeré kankan, a lè yí ẹ̀ka okùn náà padà sínú ara rẹ̀. Fún okùn mìlímítà 12, ẹ tú ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ fi òwú so ibi tí títú náà mọ kí ó má lọ sí i. Ẹ tẹ ẹ̀ka kìn-ín-ní kọjá lórí ìkejì, ẹ tẹ ìkejì kọjá lórí ìkẹta, kí ẹ sì ki ìkẹta bọ inú àyè tí ìkìn-ín-ní fi sílẹ̀. Bí ẹ bá fa gbogbo wọn le, ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò kọjú sí ìsàlẹ̀, orí okùn yóò sì di ohun tó dọ́gba roboto. Láti ibẹ̀, ẹ máa mú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fo ọ̀kan, kí ẹ tì í bọ abẹ́ èkejì lára okùn, yí ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ó máa ń nípọn, ọwọ́ sì máa ń rí ibi dì mú nígbà tí korobá bá kún tí okùn sì ti rin gbindin. Okùn tí a bá ṣe orí rẹ̀ báyìí kò ní tú ní orí títí tí ara rẹ̀ yóò fi gbó.

Okùn tí a hun, tí kì í ṣe èyí tí a lọ́, ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ní okùn mìíràn nínú tí èyí tó wà lóde bò mọ́lẹ̀. Bí a bá gé e láìdì í, ti inú yóò yọ síta tàbí kí ó sá wọlé, èyí tó bò ó yóò sì ṣófo ní orí. Kí ẹ tó dì í, ẹ fi ọwọ́ fún ara okùn láti ọ̀nà jíjìn wá sí orí kí méjèèjì lè bára dọ́gba, kí ẹ wá fi téèpù dì í, kí ẹ gé e, kí ẹ sì jẹ́ kí iná yọ́ méjèèjì pọ̀. Àwọn okùn olówó ńlá tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ òkun mọ́ èbúté, bí Dyneema, máa ń yọ́ kí ooru tó tó 155, wọ́n sì ń yọ̀ débi pé orí tí iná dí kì í dúró lára wọn. Abẹ́rẹ́ ni ó tọ́ sí wọn. Okùn aramid, ìyẹn fọ́nrán àtọwọ́dá tó le gan-an, irú Kevlar tí Stephanie Kwolek ṣàwárí ní ọdún 1965, kì í yọ́ rárá, nítorí náà iná kò lè dí i.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ketekete pé dídí orí okùn kò sọ okùn tó ti gbó di tuntun. Oòrùn máa ń jẹ polypropylene. Bí ẹ bá fi ìka ra ara rẹ̀ tí ìyẹ̀fun àti fọ́nrán kéékèèké bá ń bọ́, ó ti lọ nìyẹn, ohun yòówù kí orí rẹ̀ jọ. Ẹni tó ń gbẹ́ kànga, ẹni tó ń gun òpó, ẹni tó ń kun ilé alájà púpọ̀, ẹ̀mí wọn rọ̀ mọ́ okùn, kí wọ́n ṣí ẹ̀ka okùn náà ní ibi mélòó kan láti wo inú rẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́kẹ̀ lé e, kí wọ́n má sì lo irú okùn tí a ti so pọ̀ láàárín nítorí pé ó já rí.

Àwọ̀ òwú tí a fi wé orí okùn tún lè ṣe iṣẹ́ kejì. Ní Chatham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ilé tó gùn tó mítà 346 tí wọ́n ti ń lọ́ okùn fún ọkọ̀ ogun ojú omi láyé àtijọ́, wọ́n a máa lọ́ òwú aláwọ̀ kan mọ́ inú okùn ìjọba nígbà náà kí olè má baà rí i tà. Ohun tí èmi ń fi àwọ̀ ṣe ni láti mọ gígùn. Òwú pupa ni mo fi wé orí okùn igun kánópì tó jẹ́ mítà 6, funfun wà fún èyí tó jẹ́ mítà 4, dúdú sì wà fún àwọn kúkúrú tí a fi ń so tapólì mọ́ irin, gbogbo wọn sì wà nínú àpò kan náà. Ní ìdájí, kí iná tó dé ibi ìnáwó, ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì ń yan èyí tó fẹ́ láìtú ìkankan wò.